Ààtàn Oníwèé Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Èmi ni mo gbẹ́ kòtò náà, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi gbẹ́ ẹ síbi tí mo gbẹ́ ẹ sí. Ọ̀lẹ ni mí nígbà náà, àwọn kan nínú ẹbí wa yóò sì sọ fún yín pé n kò tíì yí padà. Irun funfun ti yọ lórí mi báyìí, mo ti bímọ, mo ti sin òkú, ohun tó ń ba ọmọ ọdún mẹ́wàá lẹ́rù kò yẹ kó tún ba irú èmi lẹ́rù mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ọdún yẹn, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ilé wa ní Ọ̀fà ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ, àyà mi yóò sì já.

Ilé wa kì í dákẹ́. Ladani kò ní tíì pe ìrun tán tí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í run orín lójúde, tí yóò máa pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orín lẹ́nu. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè níbi tó ti ń wọ ìlú, àwọn ewúrẹ́ Ìyá Àgbà yóò dá a lóhùn, Ìyá Àgbà yóò sì bú ọkọ̀ àti ewúrẹ́ papọ̀. Ọ̀dùnkún ni a ń jẹ jù. A jẹ ẹ́ ní sísè láàárọ̀, a jẹ ẹ́ ní díndín lálẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ó ti sú òun, wọn a bi í pé ọmọ ìlú ibo ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá àgbàlá, kí n fa omi kànga kún dúrọ́ọ̀mù, kí n sì pọn Gàníyù. Gàníyù ni àbúrò mi. Ọmọ oṣù márùn-ún ni. Láàárín èmi àti òun, ìyá mi ti bí ọmọ méjì tí kò dúró, nítorí náà kò sí ẹni tó ń mí dáadáa nínú ilé bí ọmọ yẹn bá wúkọ́. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, ìyá mi yóò tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, yóò máa tún ọ̀já tí kò tú so. Ìyá Àgbà á ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," òun náà á wá tún ọ̀já ọ̀hún so.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlẹmọ̀nà, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Lọ́dún yẹn, fatiláísà wọ́n ju ojú lọ. Bàbá mi bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan, ó sì gbé bébà kan bọ̀ wálé tó ya àwòrán sí. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, a ò ní da pàǹtí ilé wa nù mọ́, a ó máa tò ó ní ẹsẹẹsẹ: ewé gbígbẹ nísàlẹ̀, èèpo ọ̀dùnkún àti ewé tútù lé e, ìgbẹ́ ewúrẹ́ lé e, eérú díẹ̀, erùpẹ̀ díẹ̀, omi wíwọ́n, ká sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a ó yí i po, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yóò di ilẹ̀ dúdú tó sàn ju fatiláísà lọ. Kọ́ḿpósì ni ó pè é. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní ààtàn wà lẹ́yìn ilé òun kí wọ́n tó bí ọmọ òun, kò sì gba ìwé-ẹ̀rí kankan kó tó jẹrà. Ohun tó dùn ún gan-an ni èèpo ọ̀dùnkún. Ti ewúrẹ́ ni èèpo, ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ ẹran rí. Wọ́n ṣe àríyànjiyàn náà fún ọjọ́ méjì, wọ́n bá pín èèpo sí méjì. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti ń pe nǹkan ọ̀hún ní ààtàn oníwèé. Lọ́jọ́ kẹta, ó ko ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjàgbó láti lọ kí àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá.

Abẹ́ igi gúáfà ni bàbá mi fi ẹsẹ̀ fa ilà sí. Ó ní kí n gbẹ́ kòtò tí yóò mọ mí ní orúnkún kí òun tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, ilẹ̀ abẹ́ gúáfà le bí òkúta. Mo ṣán ọkọ́ títí ọwọ́ mi fi bó, kòtò kò mọ mí ní ọrùn ẹsẹ̀. Mo wá wo ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ gbogbo ilé ń gbà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀. Mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin ibi ọmọ sí nílé wa. Bí ìyàwó ilé bá bímọ, ibi tó tẹ̀ lé ọmọ jáde, Ìyá Àgbà ni yóò gbé e sínú ìkòkò amọ̀, yóò fi ìdérí dé e, yóò sì rì í mọ́lẹ̀. Ó máa ń sọ pé ìkejì ọmọ ni, pé ohun tí ojú ibi bá rí, ojú ọmọ náà yóò rí i. Nígbà tí wọ́n bí Gàníyù, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Ìyá Àgbà tó gbé ìkòkò àti ọkọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, tó sì pa ilẹ̀kùn dé. Mo mọ gbogbo èyí. Mo kàn sọ fún ara mi pé ilẹ̀ fẹ̀, pé kò lè jẹ́ ojú ibẹ̀ gan-an. Bí ọ̀lẹ ṣe ń ronú nìyẹn.

Kòtò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ mí ní orúnkún nígbà tí ọkọ́ mi ba nǹkan kan, ó dún bí ìgbà tí abọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò. Ìkòkò ni. Ó ti fọ́ sí mẹ́ta, ìdérí rẹ̀ ti là, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti tú sí ìdí kòtò: ilẹ̀ dúdú kirikiri tí gbòǹgbò tín-tìn-tín wé mọ́ra nínú rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Nínú ilé, mo ń gbọ́ Gàníyù tó ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi ń dá a lára yá, ẹ̀rín yẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa kánjú. Mo da ilẹ̀ dúdú náà padà, mo to àpáàdì lé e, mo bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì da ewé gbígbẹ apẹ̀rẹ̀ méjì lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó dé. Nígbà tí bàbá mi dé, mo ní abẹ́ gúáfà le jù. Ó wo ilẹ̀ rírọ̀ náà, ó ní mo gbọ́n. Ọkùnrin ni bàbá mi, wọn kì í sọ ibi tí wọ́n ń sin ibi ọmọ sí fún ọkùnrin nílé wa. Òun àti èmi la jọ to ààtàn náà dé òkè. Ó gún igi gígùn kan sí àárín rẹ̀, ó ní igi yẹn ni a ó máa fà yọ láti mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá gbóná, a jẹ́ pé ó wà láàyè.

Ọjọ́ kẹrin ni Ìyá Àgbà ti Ìjàgbó dé. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi rí ààtàn náà. Ó dúró, ó wò ó, ó wo igi ìbẹ́pẹ, ó tún wò ó. Ó béèrè ta ló gbẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé n kò bá nǹkan kan pàdé nínú ilẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní òkúta ńkọ́, àní òkúta kékeré? Mo tún ní rárá, mo fi ojú wo ilẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn gbé ẹrù rẹ̀ wọlé. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló mú àṣà kan tí kò ní tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i, kí n tó dìde, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà ní ọrùn mi, á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé mi níwájú orí, á bi mí bóyá mo sùn, bóyá mo jẹun, bóyá orí kò fọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó máa ń rùn ewé tábà díẹ̀. Mo rò pé irọ́ tí mo pa ló ń wá kiri ní ọ̀nà ọ̀fun mi. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ bí ẹran tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ fa igi náà yọ, ọyẹ́ mú. Ó di ìdí igi mú, ó rẹ́rìn-ín, ó pè mí kí n wá fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Èéfín funfun ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ojú ihò igi náà nínú òtútù àárọ̀. Bàbá mi ní, "Ó ti ń gbóná, Ràbí. Ó ti ń ṣiṣẹ́." Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, ìyá mi gbé Gàníyù wá sí iyàrá Ìyá Àgbà, ó ní ara ọmọ yìí ń gbóná.

Ṣé ẹ wá rí i. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé nǹkan méjì ni. Ohun tí mo tú sí ìdí kòtò, tí mo sì da ìgbẹ́ àti eérú lé, ni ó ń hó lábẹ́ ilẹ̀ tí àbúrò mi sì ń jóná lórí ẹní. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní ibà ni. Ibà kẹ̀? Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Láràárọ̀ bàbá mi yóò fa igi rẹ̀ yọ kó tó lọ ibi iṣẹ́, yóò ní, "Ó tún gbóná sí i," èmi yóò sì sáré wọlé lọ gbé ọwọ́ lé Gàníyù níwájú orí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ààtàn náà ní ìkọ̀kọ̀. Bí mo bá fa korobá omi mẹ́rin láti kànga, mo máa da méjì sójú ihò igi yẹn, màá máa bẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tutù. Lọ́jọ́ kẹta, igi náà tutù. Gàníyù náà tutù, ó mu ọmú, ó rẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sunkún ayọ̀ tí n kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, ẹ̀mí àbúrò mi ti di ohun tí mo ń fi korobá gbé.

Ṣùgbọ́n omi inú dúrọ́ọ̀mù ń fà, kànga sì ti ń gbẹ lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi ní ọ̀lẹ ti tún gbé mi wọ̀, ó nà mí ní ẹgba méjì, mo sì gbà á, mo tilẹ̀ rò pé ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààtàn náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Eṣinṣin bò ó. Ìyá Àgbà bo imú, ó ní òun ti mọ̀ pé ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn púrúǹtù kì í rùn tó báyìí. Ojú ti bàbá mi. Ó gbé bébà rẹ̀ jáde, ó kà á títí, ó ní omi ló pọ̀ jù, kò sì mọ ibi tí omi ti wá nígbà tí òjò kò rọ̀. Ó da koríko gbígbẹ àti eérú lé e, ó fi igi gún un lójú kiri kí atẹ́gùn lè wọlé. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ òun yóò yí gbogbo rẹ̀ po látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ látòkè délẹ̀, oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àpáàdì mi wà nílẹ̀ yẹn. Títí di òní, n kò mọ èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú kí wọ́n rí mi mú àti kí ọmọ kú. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Igi náà ti padà gbóná láti àárọ̀, ara Gàníyù náà sì ti padà gbóná. Mo wà lójúde, mò ń ṣa ẹ̀fọ́, nígbà tí mo gbọ́ tí ìyá mi pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Gìrì ti mú un. Ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ rẹ̀ le gan-an, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá mi gbé alùpùpù jáde, ìyá mi gun ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ láyà, kò wọ bàtà, kò bo orí, wọ́n lọ. Eruku ọ̀nà kò tíì lọ sílẹ̀ tí ilé fi dákẹ́. Mo ti ní ilé wa kì í dákẹ́. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àní ewúrẹ́ kò ké. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó sì ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, èmi ni mo pa Gàníyù."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí tẹ̀sùbáà. "Ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, gúáfà tó le, ìkòkò, irọ́, omi. Mo ní igi náà gbóná láàárọ̀, èmi kò sì rí omi dà sí i nítorí pé kànga ti gbẹ. Ó béèrè ohun tí mo bá nínú ìkòkò náà. Mo ní ilẹ̀ dúdú ni, àti gbòǹgbò tó kún inú rẹ̀.

Ó ní, "Gbòǹgbò ìbẹ́pẹ nìyẹn. Àjọkẹ́, ṣé oṣù márùn-ún tó kí gbòǹgbò kún inú ìkòkò?" Oríkì mi ló pè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ti Gàníyù wà lábẹ́ igi ọsàn, lẹ́yìn ọgbà. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ti kún. Ìwọ ni mo sin kẹ́yìn síbẹ̀. Tìrẹ ni o fọ́."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe Gàníyù. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ọwọ́ tó ń wà ní ọrùn mi láràárọ̀. Mo bi í bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo dé. Bí mo bá sọ fún ọ, ìbẹ̀rù á pa ọ́ kí ohunkóhun tó pa ọ́. Mo bá ní kí n máa bá ọ bẹ̀rù."

Ó tún gbé ọwọ́ náà lé mi lọ́rùn. Mo ti rò pé kò sí nǹkan tó ń ba Ìyá Àgbà lẹ́rù láyé, àfi bí ewúrẹ́ bá sọnù. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ ṣọ́ mi bí mo ṣe ń ṣọ́ Gàníyù, àwa méjèèjì kò sọ fún ara wa, abẹ́ òrùlé kan náà ni a jọ ń sùn. Ó ní ara mi tutù, pé ibi ọmọ ọdún mẹ́wàá ti di ilẹ̀ kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, pé kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tí iná lè jó. Mo gbọ́ pé òun náà ń fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara rẹ̀ nínú. Ó dìde, ó mú ọkọ́, a jọ wa ẹ̀gbẹ́ ààtàn náà títí a fi kan àpáàdì mẹ́ta àti ìdérí tó là. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ó gbóná, ó ń rùn, Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ lásán ko wọ́n sínú ìró rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilẹ̀ dúdú náà. A gbé wọn lọ sábẹ́ igi ọsàn. Ó gbẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gàníyù, níbi tó fi òkúta mẹ́ta sàmì sí, ó sì rì wọ́n síbẹ̀. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ara yín." Ó ní kí n má sọ fún ìyá mi láéláé, pé èyí tí ìyá mi ti rù tó.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó gbé Gàníyù dé láti ọsibítù. Ó ti rù, ojú rẹ̀ tóbi lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tutù. Èmi àti Ìyá Àgbà jọ na ọwọ́ kàn án lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín sí wa fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́. Bàbá mi yí ààtàn rẹ̀ po ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò bá nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ti di ilẹ̀ dúdú tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, tí kò rùn mọ́ rárá. Àwọn ará àdúgbò wá wò ó, bàbá mi ń ṣàlàyé fún wọn látinú bébà rẹ̀. A fi gbin tẹ̀tẹ̀ àti ọ̀dùnkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ se tẹ̀tẹ̀ náà, mo mú òkèlè dání, n kò fi í sẹ́nu. Mo mọ ohun tó kù sídìí ààtàn yẹn tí a kò lè ṣà tán. Ìyá Àgbà wò mí láti ibi tó jókòó sí, ó wò mí títí mo fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló kéde fún gbogbo ilé pé ààtàn oníwèé mọ iṣẹ́.

Ìyá Àgbà ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run forí jì í. Ìyá mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Ìlọrin ni mo ń gbé, mo ní ààtàn tèmi lẹ́yìn ilé, mo mọ̀ ọ́n tò dáadáa, ṣùgbọ́n bí igi rẹ̀ bá ti gbóná lọ́wọ́ mi, mo gbọ́dọ̀ wọlé lọ mú fóònù. Gàníyù ni mò ń pè. Ó ti di bàbá ọmọ mẹ́ta, ó ní ikùn ńlá, Kàdúná ló ń gbé. Kí n tó béèrè ìyàwó, kí n tó béèrè ọmọ, mo máa ń kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ kò gbóná. Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ irú ìkíni tí èyí jẹ́, pé àwọn ẹlòmíràn a máa bi àbúrò wọn ṣé àlàáfíà ni. N kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún un rí. Ṣùgbọ́n bó bá rẹ́rìn-ín tán, ohùn rẹ̀ á yí padà, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tó máa ń sọ lẹ́yìn náà.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ara tiyín náà kò gbóná?"